Ràdíátù Tó Fẹ́ràn Hááfù Kọ́rẹ́ǹtì

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín nípa ọ̀rẹ́ mi Ràdíátù tá a jọ ń gbélé, ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Ajégúnlẹ̀ tó máa ń pàtẹ́wọ́ tí NẸ́PÀ bá mú hááfù kọ́rẹ́ǹtì wá. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Iná á dé, àmọ́ gílóòbù á kàn máa pọ́n bàìbàì bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, fáànù á máa yí bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀. Gbogbo wa á máa bínú. Ràdíátù á sáré wọ kíṣìnì.

Míkísà ló fà á. Sùlè, ọkọ ẹ̀, ń wa tírélà ní èbúté Tin Can, òun ló bá a ra míkísà tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tí wọ́n fi ń po kéèkì. Ó funfun kinniwin! Iṣẹ́ kéèkì ni Ràdíátù kọ́ kó tó lọ́kọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná Amẹ́ríkà ò tó tiwa: 110 ni tiwọn, 220 ni tiwa. Ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì, tí Sùlè kọ́kọ́ rà láti Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe so ó mọ́ iná báyìí, ó ṣe fúù, ó rú èéfín, ó kú kí omi tó gbóná. Torí ẹ̀ ni Ràdíátù ṣe gbé míkísà pamọ́, ó ní ó dìgbà tí òun bá rí tiransfọ́mà tó ń bu iná kù.

Àfi ọjọ́ kan tí hááfù kọ́rẹ́ǹtì dé, tí Nímọ́tà, ọmọ ẹ̀, lọ fi míkísà ṣeré, ó sì tẹ súwíìṣì. Míkísà kọrin! Kò gbóná, kò rùn, àṣé hááfù tiwa ló ṣe déédéé iná Amẹ́ríkà. Ràdíátù jó títí ìbòrí ẹ̀ fi já bọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gílóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ń wò. Tó bá pọ́n, iṣẹ́ yá. Tó bá funfun, ó ti fa wáyà yọ.

Nígbà tí Ọdúnayọ̀, ọmọ mi, máa pé ọdún kan, Ràdíátù ní òun lòun máa ṣe kéèkì ẹ̀. Kéèkì àkọ́kọ́ tó máa ṣe fún ará ìta nìyẹn o! Tó bá dùn, àwọn obìnrin àdúgbò á máa gbé iṣẹ́ fún un. Tó bá bàjẹ́, wọ́n á ní ẹnu lásán ló fi ń ṣe kéèkì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá yọ̀ ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ rọ́. Mo ní kí n bá a fọwọ́ po ó, ó ní tèmi á di ẹ̀bà.

Àárọ̀ ọjọ́ ìbí náà, iná dé. Fúùlù! Gílóòbù mọ́ rokoṣo. Àwọn ọmọdé ń hó, "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" Ràdíátù jókòó ti abọ́ bọ́tà, ó káwọ́ lérí.

"Irú iná burúkú wo lèyí? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú hááfù wá, òní ni wọ́n wá rí fúùlù!"

Oghenetega, ará Warri tí yàrá ẹ̀ dojú kọ tiwa, bú sẹ́rìn-ín. "Iyawo Sule, na you I first see wey dey cry say light too good!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ọgbọ́n ṣe sọ sí mi lórí. Wáyà kan báyìí tó ti gbó ló ń gbé iná wọ ilé wa. Tí èèyàn méjì bá jọ tan ríìngì láti fi se omi, tẹlifíṣọ̀n gbogbo wa á sùn. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Dáhùnsí, tó ń bá onílé mójú tó ilé, máa ń dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pé, "Ta ló tan ríìngì? Ẹ ti tún fa iná wálẹ̀!"

Mo sáré lọ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fa iná wálẹ̀ lónìí."

"Orí ẹ pé?"

"Torí kéèkì Ọdúnayọ̀ ni sà."

Wọ́n wo Ràdíátù àti ọwọ́ ẹ̀ tó wú. "Ṣé mo máa jẹ níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jẹ!"

Ni Bàbá bá bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ẹ tan ríìngì o! Ẹ tan áyọ́ọ̀nù! Ẹni tí ò bá tan nǹkan, màá lé e jáde!"

Oghenetega fa sítóòfù oníná kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ náà ní?" Bàbá ké.

"Baba, no vex. Na for emergency."

Áyọ́ọ̀nù wọlé, ríìngì wọlé, gílóòbù ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kò tíì pọ́n!" Ràdíátù ń pariwo. A ti tan gbogbo nǹkan tán. Bàbá wọ́ ẹsẹ̀ wọ yàrá wọn, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n jáde. Ríìngì wà lọ́wọ́ wọn! Ẹ̀rín pa wá débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọmọ sílẹ̀. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n kì ríìngì náà bọ iná. Gílóòbù pọ́n bí ata.

"Ó ti pọ́n o!"

Míkísà kọrin. Bọ́tà àti ṣúgà fúyẹ́ bí òwú, ẹyin wọlé, ìyẹ̀fun tẹ̀ lé e. Bó ṣe po ó tán, wáyà ara òpó dún pàó! Iná lọ pátápátá.

"Ta ló fa iná wálẹ̀?" Bàbá fi ìbínú ké, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ni!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Ràdíátù ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ti da kéèkì sínú páànù, ó gbé e sínú ìkòkò tó kó iyẹ̀pẹ̀ sí nísàlẹ̀, lórí gáàsì. Kéèkì wú, òórùn ẹ̀ gba àdúgbò. Bàbá ló kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n tún na abọ́.

"Ràdíátù, ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìwọ lo máa ṣe kéèkì ẹ̀."

"Bàbá, tí iná bá wá jẹ́ fúùlù lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe wàhálà ẹ. Mo ní ríìngì."