Bí Alága Ṣe Ṣètò Ìjáde Ìrọ̀lẹ́ Kan

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, kì í ṣe pé ó darí ìpàdé kankan rí. Àga ló ń tún ṣe. Ẹ gbé àga tí tìmùtìmù rẹ̀ ti kú lọ bá a, á tú u, á ki fóòmù tuntun sí i, á fi awọ bò ó, ẹ ò sì ní fẹ́ dìde lórí ẹ̀ mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré sísá, Kóòṣì ni wọ́n ń pè é, ó sì lè sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwọn ọmọ náà tó parí àwíjàre pé ara ń ro àwọn.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn kó kúrò nílé, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kóòṣì ní, "Bàbá wọn, ìgbà wo làwa méjèèjì jọ jáde gbẹ̀yìn?"

Alága ronú títí. Ó ní ìgbà tí wọ́n jọ lọ yẹ ojú wò ni.

"Ẹ ò rí i pé ìyẹn ò sí lára ohun tí mò ń bèèrè?"

Ló bá ṣèlérí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì fún un, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí ìtọ̀ kò ti jẹ́ kó jókòó pé wákàtí kan, etí òsì ẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ níbi tí ariwo bá wà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nílé, tó bá fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, á ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá àwọn ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ilé míì tí wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, ó mú téèpù tó fi ń wọn àga, ó lọ sí ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà. Ó jókòó lórí àga mẹ́rin, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí wọn, ó dá mẹ́ta lẹ́bi. Ó ka ìṣísẹ̀ láti ìdí tábìlì dé ilé ìtọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Ó ní kí wọ́n rẹ orin sílẹ̀ pátápátá, kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa, kí oúnjẹ má sì pẹ́. Ọgbọ́n ni gbogbo ẹ̀, mo mọ àwọn ẹgbẹ́ wa tó yẹ kó lọ kọ́ ọ. Àfi ìgbà tí obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ mú bírò, tó ní, "Ta ni ara ẹ̀ ò yá, sà? Ká lè mọ bí a ó ṣe tọ́jú ẹ̀."

Alága wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi ni."

Nígbà tí ẹnu ti là, kò rọrùn láti pa á dé. "Kò lè jókòó pẹ́ kó má lọ... ẹ ṣá mọ̀. Orúnkún ẹ̀ náà ò dáa." Ó fi orúnkún kún un kí ìtọ̀ má baà dá nìkan wà.

"Ẹ̀yà. Ọkọ gidi lẹ jẹ́, sà."

Alága gba oríyìn náà, ó gbé e délé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà ààbọ̀, obìnrin náà ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn wà níwájú ẹ̀. Ó yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ káàbọ̀, mà. A ti gbọ́ nípa orúnkún yín. Ilé ìtọ̀ nìyẹn, mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má tì í."

Kóòṣì wo àga náà. Ó wo ọkọ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ń yẹ awọ tí wọ́n fi bo àga náà wò bí ẹni pé wọ́n gbé e wá fún àtúnṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń bára wọn gbé, Kóòṣì ò nílò àlàyé kankan. Ó jókòó sórí ẹ̀, ó gbé báàgì lé itan.

"Ẹ ṣeun o. Bàbá wọn, ẹ máa tì mí."

Ó ń tì í. Òógùn bò ó.

Ibi fèrèsé ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Kóòṣì ti ń jẹun pẹ̀lú aya rẹ̀. Ó dìde tòun ti síbí lọ́wọ́. "Kóòṣì, kí ló dé?"

"Orúnkún ni, wọ́n ní, sà."

"Ẹ ò sì sọ fún wa. Ìdíje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó dáa, ẹ lọ sinmi. Màá ní kí tíṣà ìṣirò kó àwọn ọmọ lọ."

Ọdún méjì gbáko ni Kóòṣì fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n tó lè dé àṣekágbá. Ọwọ́ ẹ̀ le mọ́ báàgì. Tó bá sọ òótọ́, ọkọ ẹ̀ di onírọ́ lójú ọ̀gá ẹ̀. Tó bá dákẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀ á tẹ̀ lé tíṣà ìṣirò lọ. Ó kàn gbójú sókè wo ẹni tó ń tì í.

Alága ní, "Irọ́ ni, sà."

"Kí ni irọ́?"

"Orúnkún yẹn. Nǹkan kan ò ṣe é. Èmi ni. Ìtọ̀ ló ń dà mí láàmú, etí mi kan náà ò sì gbọ́ràn mọ́. Ojú ló tì mí tí mo fi ní òun ni."

Orin wà nílẹ̀ pátápátá, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Kò sí tábìlì tí kò gbọ́ ọ.

Ọ̀gá àgbà wúkọ́. "Ó dáa. Kóòṣì, ẹ ó lọ nìyẹn."

"Mò ń lọ, sà." Ó dìde, ó na aṣọ ẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga gidi. "Bàbá wọn, ẹ jókòó."

"Mi ò lè jókòó."

"Kí ló dé?"

"Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí láti ẹnu ọ̀nà."

Ló bá lọ, gbogbo ènìyàn sì ń wo abọ́ oúnjẹ wọn tìwàtìwà. Ó tọ̀ tán, kò jáde. Kì í ṣe ìtọ̀ ló dùn ún mọ́. Bí ìyàwó ẹ̀ ṣe jókòó sórí àga onítáyà yẹn láìbi í ní ìbéèrè kan ni.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó sọ nǹkan jẹ́jẹ́.

"Kí lo wí?"

Kóòṣì wá fi ohùn orí pápá sọ ọ́: "Mo ní oúnjẹ ti dé. Mo sì ti pààrọ̀ ìjókòó, kí etí tó ń gbọ́ lè wà lọ́dọ̀ mi."

Alága ṣílẹ̀kùn. Kò lè wo ojú ẹ̀. Bàtà ẹ̀ ló ń wò títí wọ́n fi dé ìdí tábìlì.