Bàbá Kò-Ṣeé-Ṣe àti Ìlẹ̀kùn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì gbé lánlọ́ọ̀dù mì ni gbogbo àdúgbò mọ káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kò-Ṣeé-Ṣe. Télọ̀ kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni télọ̀ yìí ń gbé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ń wá bẹ́ẹ̀dì tí yóò máa wọ inú ògiri lọ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Gbogbo káfíńtà tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Bí o bá ní kó kan àpótí ìjókòó fún ọ, ọ̀la ni yóò máa fi lé ọ̀la títí yóò fi sú ọ.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, lánlọ́ọ̀dù ní dandan ni kí òun kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ wò, torí ògiri òun ni wọ́n lu. Ó dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì dìde fùú, ó wọ ògiri, ó sì pa ara rẹ̀ dé.

"Káfíńtà," ohùn kan wá láti inú ògiri, "mo wà níbí o."

"Mo mọ̀, sà. Ṣé atẹ́gùn ń wọlé dáadáa?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ìyàwó Bàbá, tó gbé oúnjẹ wá fún un, ló bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí i.

Ìyàwó yìí kan náà ni iṣẹ́ líle fi ìyà jẹ jù. Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti ń rá. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó pe àwọn ẹbí. Èsì kan náà ló ń gbà, pé ìlẹ̀kùn yẹn ti rọrùn jù.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ju agbára. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń bu ọbẹ̀, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tí kò ní i lọ́kàn pé òun fi ìlẹ̀kùn náà han káfíńtà òdìkejì títì, onítọ̀hún sì ní kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́. Irọ́ funfun báláú ni. Bàbá gbé àwo sílẹ̀, ó jáde, kò sì pẹ́ tó fi padà wá mú òòlù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlẹ̀kùn ti ń ṣí wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àtúnṣe lásán kò tó o. Ó so òkúta mọ́ okùn lẹ́yìn rẹ̀ kó lè máa pa ara rẹ̀ dé, ẹni tó bá sì falẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn á gbá a ní ìdí.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí ìyàwó bá fẹ́, ẹnìkan ti ní kò ṣeé ṣe. Ó tiẹ̀ sọ fún un pé àwọn ẹbí òun ní kò sí ọkùnrin tó lè bá ìyá òun jókòó lódidi ọjọ́ kan láìjà. Bàbá wẹ̀, ó wọṣọ, ó lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ìyàwó ránṣẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá mú un.

Nígbà tó yá, àìsàn dé, kò sì ṣe bí eré. Bàbá dojú kọ ògiri, kò jẹ, kò dìde. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀, torí kò rí i kó má fẹ́ gbìyànjú nǹkan rí. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Bàbá, dókítà ní kò sí ẹni tí irú àìsàn yìí mú tó tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ìdáná."

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ìyá àwọn ọmọ, káfíńtà òdìkejì ò rí ìlẹ̀kùn yẹn rí. Mo bi í lọ́jọ́ náà gan-an."

Ó ya obìnrin náà lẹ́nu. "Ẹ mọ̀ látìgbà náà? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Irú irọ́ tó dùn báyẹn, ṣé mo fẹ́ kó o dáwọ́ rẹ̀ dúró ni? Nínú gbogbo iṣẹ́ líle tí mo ṣe láyé, ẹ̀rín tí mo pa mọ́ra yẹn ló le jù."

Ó na ọwọ́ sí i, ó dìde, ó fara ti ògiri títí ó fi dé ilé ìdáná, ó sì jẹun níbẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó di pé kò ṣeé ṣe mọ́ lóòótọ́.

Àárò rẹ̀ ń sọ ìyàwó rẹ̀ púpọ̀. Obìnrin náà ti darúgbó, ó ti ń falẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn sì ń gbá a ní ìdí láràárọ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ gé okùn òkúta yẹn kúrò. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, òun ti fi han káfíńtà òdìkejì, ó ní kò ṣeé ṣe.