Àṣírí Kavita Tí Mo Tú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé wa ní Peckham, ní London níbí. Ojú ń tì mí, àmọ́ màá sọ ọ́.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lo kíṣìnnì kan ṣoṣo nínú ilé tí mo háyà yàrá sí lẹ́yìn Rye Lane: èmi, Kavita àti Nisha. Ọmọ India làwọn méjèèjì, ọ̀dọ́ ni wọ́n, "Aunty Sidi" ni wọ́n sì ń pè mí. Èmi àti Kavita jọ ń ṣe master's ní yunifásítì kan ní New Cross.

Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi? Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo ti sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sí care home nìyẹn. Màá wẹ àwọn arúgbó, màá fún wọn lóúnjẹ, kí n tó lọ jókòó sí lecture, kí n máa tòògbé. Kavita ńkọ́? Kì í ṣe shift kankan! Á jẹun tán, ó di library.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń san school fees rẹ̀. Ó ní ìjọba àwọn ni! Wọ́n tún ń san owó ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ó wá rọra ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ àwọn, ìdílé tí wọ́n bá bíni sí ló ń sọ ipò ẹni, caste ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni tiwọn wà. Wọn kì í jẹ́ káwọn ẹbí rẹ̀ pọnmi níbi táwọn yòókù ti ń pọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ya scholarship sọ́tọ̀ fáwọn ọmọ wọn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Nisha, torí ipò òkè ni ìdílé tiẹ̀ wà.

Ẹ wò ó, etí mi ò gbọ́ omi pípọn yẹn rárá. Scholarship ni mo gbọ́! Ta ló ṣètò kankan fún èmi ọmọ tálákà láti Ìwó? Tó bá jẹ́ pé torí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn ni wọ́n fi ń gbé e wá sí London, kí wọ́n yáa fojú tẹ́ńbẹ́lú èmi náà!

Ìlara yìí ń bá mi wọ bọ́ọ̀sì, ó ń bá mi jẹun. Kódà bí Kavita ṣe ń ro tíì ń bí mi nínú.

Ní Sátidé kan, Kavita jáde. Nisha wá ń yìn ín fún mi, pé ó gba distinction, pé kí n máa ṣètò àkókò mi bíi tiẹ̀. Ha! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú coursework? Mo ní ta ni ò ní mọ̀wé, ṣebí ìjọba ló ń bọ́ ọ nítorí caste rẹ̀!

Nisha bi mí pé caste wo. Mo sì sọ ọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ Ṣàìtánì, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́.

Inú ìkòkò kan náà làwọn méjèèjì ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Nisha ra ìkòkò tiẹ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kavita nínú fíríìjì. Kavita á kí i, Nisha á kàn ṣe "hmm".

Nígbà tó yá, Kavita kan ilẹ̀kùn mi. "Aunty, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún un?"

Mo ní èmi ni.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó bú mi! Ó ní nígbà tóun wà ní ilé ìwé, òkè ni tíṣà ti máa ń da omi sóun lọ́wọ́, kí kọ́ọ̀bù má bàa kan òun. Ó lóun rò pé òun ti fi ìyẹn sílẹ̀ nílé. Ó ní ohun tí òun ń kọ ìwé àṣekágbá òun lé lórí gan-an ni omi tí ìjọba ṣètò fún àdúgbò àwọn. Lórí bébà, wọ́n ti parí ẹ̀. Ìyá òun ṣì ń rìn jìnnà kó tó rí omi pọn.

Èmi àgbà, mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní òun ti gbọ́. Mo lọ bá Nisha, òun ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé diet lòun ń ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Kavita kó lọ sí Walworth. Èmi ni mo bá a gbé àpótí dé bus stop.

Tá a bá pàdé ní school, ó ń dáhùn ìkíni mi, àmọ́ kì í jókòó tì mí mọ́.

Ṣé ìlara ọ̀hún ti tán? Rárá o, ó ṣì máa ń ta mí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i kedere: ìjọba tí kò ṣètò fún mi ni mo ń bínú sí, Kavita ni mo wá nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ìlara ti mú yín ṣe níkà rí, ẹ sì rí i tún ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ó yẹ kí n gbọ́ ọ.