Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ṣẹ́kù Lẹ́nu Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá mi sọ lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó ni iṣu. Uṣu ni àwa ará Ọ̀wọ̀ ń pè é. Ó wà lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́, a kò sì tíì gbóhùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Ó wò mí lójú, ó ní, "Uṣu." Inú mi dùn débi pé n kò dágbére fún nọ́ọ̀sì kí n tó sáré lọ sílé lọ gúnyán. Nígbà tí mo gbé e dé, ó wo iyán, ó wo èmi, ó mirí, ó ní, "Uṣu." Mo rò pé kò fẹ́ iyán ni. Mo padà lọ se àsáró.

Kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a gbà pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, ta ni nínú wa yóò gbọ́ kí aláìsàn dárúkọ iṣu tí kò ní gbé iṣu wá? Gbogbo ẹbí ló kó sí i. Ẹni tó gbé iyán wá ń pàdé ẹni tó gbé iṣu sísun wá lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, iyán ni a ń rọ́ sí i lẹ́nu. Ìgbà tí aṣọ ibùsùn tutù ni mo tó mọ̀ pé bóyá kì í ṣe iṣu ni bàbá mi ń béèrè láti ọjọ́ yìí wá.

Dókítà ṣàlàyé pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ ló bàjẹ́. Mo bi í bóyá ibi tí ìrònú ń gbé náà bàjẹ́. Ó ní òun kò lè sọ, pé a ó máa wò ó. Ìdáhùn yẹn bí mi nínú. Bàbá mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe ojú ọjọ́.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kò tilẹ̀ ní sùúrù láti máa wò ó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Òun ló gbé bàbá mi pọ̀n dé inú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, pé ara lásán ló kù, ó sì máa ń sọ ọ́ lójú bàbá mi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú àga. Ó ní ṣebí ọ̀rọ̀ la fi ń ronú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀, kí ló fẹ́ máa fi ronú? Mo bi í bóyá orúkọ ènìyàn kò tíì sọ nù lẹ́nu rẹ̀ rí, tó sì jẹ́ pé ojú onítọ̀hún ṣì hàn sí i kedere. Mo ní ọmọ rẹ̀ tó kéré jù kò tíì mọ̀ ju "màmá" lọ, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti ebi, ó mọ èyí tó jẹ́ ti oorun. Ó ní ọmọ ń bọ̀ ni, àgbà ń lọ ni. Inú bí mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá mi ti ṣaláìsí, nítorí náà èmi ni mo ń tọ́jú bàbá mi nígbà tí a délé. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà n ó wá jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Uṣu kan wà tó ṣókí, èyí tó fi ń sọ pé rárá. Òmíràn ń fà, ó fi ń béèrè ẹni tó wọlé. Bí òjò bá ṣú tí aṣọ sì wà lórí okùn, èyí tó ń lé mi síta tún yàtọ̀. Láìpẹ́ n kò gbọ́ iṣu nínú rẹ̀ mọ́ rárá. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Bàbá mi kò ní àbọ̀ pàápàá, èérún ló ní, èmi ni mo sì ń sọ ọ́ di odindi.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń sọ ọ́ di odindi, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé odindi tirẹ̀ ni, pé kì í ṣe tèmi? Ènìyàn kò lè wọ inú ẹnìkejì lọ wò. Bí orí bá ń fọ́ mi, èmi nìkan ló ń fọ́. Ẹni tó kí mi pẹ̀lẹ́ kàn gbà mí gbọ́ ni. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ aṣọ rẹ̀, mo máa ń rò ó pé bóyá ara mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà mi ní Ìdogún dá ọjọ́ ìdána. Nínú ilé tiwa, bàbá ìyàwó ló ń gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, tí yóò súre fún un lójú àwọn àna. Bàbá Kékeré wá sọ fún mi pé òun ni yóò ṣe é.

"Ọma mi," ó ní, "ẹnu rẹ̀ uṣu, ọwọ́ rẹ̀ òsì. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ulé bàbá ẹni, ṣé òun la ó wá gbé lé ọ lórí lójú àna?"

Mo ní, "Bí Bàbá ò bá súre fún mi, n kò lọ sílé ọkọ kankan."

Àfẹ́sọ́nà mi ní òun yóò dúró, àwọn òbí rẹ̀ ni kò ní dúró. Níkẹyìn, Bàbá Kékeré ní kí n kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, òun yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá mọ ohun tí a ń ṣe, òun yóò gbà á ṣe. Mo gbà, ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí bàbá mi bá kàn jókòó tó ń wo òkè, á jẹ́ pé láti ọdún tó kọjá, èmi nìkan ló ń gbé ilé yẹn. N kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan, nítorí bí mo bá kọ́ ọ, èmi alára kò ní gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, yàrá kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi wò mí. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, Bàbá Kékeré sì sún mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà kò wá sọ́dọ̀ mi. Ó lọ sórí itan bàbá mi, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó gbé e. Ó wúwo fún un. Ó já bọ́, ó tún gbé e. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú yẹn lé mi lórí, ó sì fi tòsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹni tí inú rẹ̀ ti ṣófo kì í bìkítà nípa ọ̀tún àti òsì, kì í rò ó pé kí àna má lọ fojú kéré ọmọ òun. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, ayọ̀ náà pọ̀ jù fún mi.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Uṣu, uṣu, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó ń dúró níbi tí àwọn bàbá ti ń dúró kí a lè ṣe àmín. A sì ń ṣe é. Àwọn ará Ìdogún tí wọn kò gbé inú ilé wa rí ń ṣe é níbi tó yẹ. Níbì kan, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ń wo àga tí ìyá mi ìbá jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín níbẹ̀, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé èyí kì í ṣe àdúrà.

Bàbá Kékeré ti ń tún ohùn ṣe láti àárọ̀, mo sì rò pé yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí bàbá mi parí. Ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà, ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbàlagbà tó ti hewú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jẹ́ ó kan èmi náà."

Bàbá mi wò ó títí. Ó sọ uṣu kan ṣókí, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín, àti ará Ọ̀wọ̀ àti ará Ìdogún, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ní kó ní sùúrù, apá ń ro òun. Bàbá Kékeré dúró lórí eékún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, bàbá mi di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó sì tún gbé e.