Wọ́n Ti Nicodim Mọ́ta Pápá Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ̀

Nicodim Drăgulean kú lọ́jọ́ Sátidé, nínú yìnyín, lẹ́yìn odi pápá ìṣeré ìlú wa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pápá náà, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà ìbá rẹ́rìn-ín.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní àfonífojì Jiu wa níbí? Ọmọ awakùsà ni. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ wa, bọ́ọ̀lù lè kọjá, èèyàn lè kọjá, àwọn méjèèjì kì í jọ kọjá. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná bàjẹ́ ní pápá lọ́jọ́ òtútù, ó bá kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ wẹ̀ nílé rẹ̀. Veturia, ìyàwó rẹ̀, gbé omi kaná, ó se ọbẹ̀ ẹ̀wà, géńdé tò láti bálùwẹ̀ dé àtẹ̀gùn.

"Ẹ fọ etí yín dáadáa," Nicodim ń wí fún wọn, "mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Ọdún yẹn la gòkè sí ìpele kìíní. Kí ni alága ẹgbẹ́ wá ṣe? Inú bọ́ọ̀sì tí a ti ń yọ̀ ló ti lé e dànù, ó ní bọ́ọ̀lù tó fi borí kò wu ojú. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ rì, ó ránṣẹ́ pè é. Nicodim yọ wọ́n, wọ́n tún lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tó fi darúgbó. Ìgbà tí ojú wá tì wọ́n díẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ pé alága ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá ní káàdì ìwọlé kò gbọdọ̀ wọlé. Nicodim nawọ́ sí orúkọ tó wà lókè orí wọn.

"Mo mọ̀ yín, bàbá," ẹ̀ṣọ́ fèsì. "Káàdì ni mi ò rí."

Ó bá gun orí òkè tó wà lẹ́yìn odi, níbi tí àwa aláìníkáàdì ti ń yọjú wòran. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. A sáré lọ kan ilẹ̀kùn pápá. Ọkọ̀ agbáláìsàn wà nínú pápá, ṣùgbọ́n òfin ní bó bá jáde, rẹfirí gbọ́dọ̀ dá eré dúró. Ẹgbẹ́ wa sì ń borí.

"Ẹ ní kí bàbá ṣe sùúrù," alága wí láti inú pápá. "Ó ti fẹ́ parí."

Fèrè dún. A borí. Nicodim ti kú.

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa wọlé, wọ́n ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ká fi bu ọlá fún un. Wọ́n gbé àwòrán ńlá kan síta: àwòrán Ilarion ni, aṣọ́lé ẹgbẹ́ wa àtijọ́, ẹni tó jókòó láàárín wa lọ́jọ́ náà gan-an tó ń jẹ èso òdòdó oòrùn.

"Èmi nìyẹn," Ilarion dìde. "Mi ò tíì kú."

"Ẹ dákẹ́, bàbá," alága dá a lóhùn. "Ẹ̀yin là ń bọlá fún."

Ṣé irú àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó máa darí ẹnikẹ́ni? Ta ló ni ẹnu tó ní kí ọkọ̀ má jáde? Gbogbo wa la gbọ́. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ẹ pe alága lẹ́jọ́, a ó jẹ́rìí. A ti bá yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó tó. Alága, ó kù sọ́wọ́ yín: ẹ wá sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, kí Veturia gbọ́.