Fóòmù Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Ràmọ́tù

Òórùn fóòmù tuntun ló gbé mi padà sí Venez-Voir, àdúgbò tí mo dàgbà sí ní ìdálẹ̀ níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó gbé e wá sílé mi ní Akanda ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ọ̀rá ara rẹ̀ ni, òórùn náà sì gba gbogbo yàrá. Dókítà tó ń wo ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló ní kí n rà á, fóòmù tí kò rọ̀ jù kí ìbàdí má baà rì, tí kò sì le jù kí èjìká má baà máa ro mí. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn. Mo ní mo máa ń dojú délẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ní ìsùn yẹn ló ń lọ́ mi lọ́rùn tó sì ń fa ẹ̀yìn mi, láti ìgbà wo ni mo ti ń sùn bẹ́ẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ní bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń sùn. Ilé pákó onípáànù ni tiwa, yàrá méjì, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó máa ń tutù rinrin lásìkò òjò. Ẹní kan ni àwa ọmọ mẹ́rin ń sùn lé. Àáfà ilé-kéwú wa ti kọ́ wa pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí a máa fi sùn, nítorí náà bí ẹnìkan bá yí, gbogbo wa la ó yí, àbúrò mi tó wà létí ògiri a sì pariwo pé a fẹ́ pa òun. Kò sẹ́ni tó ń ráhùn ara ríro. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé ara ń ro ọmọdé.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo yọ̀ ṣubú pẹ̀lú garawa omi lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ìbàdí mi sì gbá etí àtẹ̀gùn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò lè nàró dáadáa. Bàbá mi bá ra fóòmù kékeré kan fún mi, aláwọ̀ búlúù, olódòdó. Háà, mo di ọba! Mo máa ń jẹ́ kí àwọn àbúrò mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Ràmọ́tù fi dé láti Ìsẹ́yìn. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ẹgbẹ́ mi ni, ìyá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ojú omi ni wọ́n gbà gbé e wá. Láàárín àwa tó wà ní ìdálẹ̀ nígbà náà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé dé ló ń sùn síbi tó dára jù. Bàbá mi pàápàá ti sùn sí ṣọ́ọ̀bù rí nítorí àlejò. Ràmọ́tù di ìbàdí mú, ó ní ọkọ̀ ti fọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi fúnra mi ni mo ní kó máa sùn lórí fóòmù mi títí ara rẹ̀ á fi yá. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ara rẹ̀ kò yá. Oṣù kan lọ, ìkejì tẹ̀ lé e. Ìbàdí tèmi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí lórí ẹní, mò ń pa á mọ́ra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo tètè ti ilé-kéwú dé. Ràmọ́tù wà lágbàlá pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, wọ́n ń ṣe tẹ́ń-tẹ́n, ó ń fò bí ọmọ ewúrẹ́. "Ẹ wò ó," ló ń wí fún wọn, "bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà Màámi báyìí..." Màámi ni òun náà ń pe ìyá mi. Ló bá tẹ̀ ba, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń kérora bí arúgbó. Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ẹkún ni mo bú sí.

Mo sáré bá ìyá mi nínú ilé. Kì í ṣe fóòmù ni mo ń wá mọ́. Mo kàn fẹ́ kó gbà mí gbọ́ ni. Ó gbọ́ mi tán, ó bá mi jáde sí àgbàlá, ó wo Ràmọ́tù, ó wò mí. "Irọ́ lo ń pa. Ìlara ló ń ṣe ọ́. Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́." Mo kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí a jọ rí ohun tí mo rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dojú délẹ̀ sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú mi.

Ìyá mi ti darúgbó báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Nígbà tí fóòmù tuntun yìí dé, ó jókòó sórí rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ràmọ́tù ì bá fẹ́ràn èyí. Nǹkan kan ò ṣe ìbàdí ọmọ yẹn o, fóòmù ló wù ú."

"Ẹ mọ̀, Màámi?"

"Mo mọ̀ kẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti mọ̀. Kò ní ìyá. Ìwọ ní."

Lónìí, àwọn tó ń tilé bọ̀ ti fi fóònù gba yàrá sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, kò sí ọmọ tó ń dìde fún wọn mọ́. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọbìnrin mi, ó ní, "Ṣùgbọ́n maman, kí ló dé tí wọn ò kàn ra mátẹ́lá kejì?" Mátẹ́lá ni wọ́n ń pe fóòmù níbí. Mo mọ̀ pé àánú ló ṣe ìyá mi, àánú ò sì burú. Ṣùgbọ́n èmi ló fi ṣe sàárà, kò sì bi mí. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́jọ́ tí fóòmù náà dé, mo ran ìyá mi lọ́wọ́ kó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, mo ki ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi. Ó ní ara tu òun, ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Mi ò sọ fún un pé lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ yẹn, èmi náà ò ní ìyá.