Kóró Ìṣin Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún

Gbogbo Ilora ló mọ Rachel Àbọ̀dé sí tíṣà ìṣirò, kò sí àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n sí afọ́jú. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1992 tí à ń wí yìí, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì ń dá mọ̀. Dókítà ní Ìbàdàn ti sọ fún un pé ojú tó ti lọ kò ní padà. Ó dúpẹ́, ó wọkọ̀ padà sílé, ó pa ẹnu mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Bí wọ́n bá gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tí yóò máa jí fún láàárọ̀?

Ọwọ́ ló wá fi rọ́pò ojú. Ó kó kóró ìṣin jọ, àwọn dúdú dídán tí ọmọdé máa ń jù nù, ó ní kí Práímárì Fáìfù máa fi wọ́n to nọ́ńbà sórí tábìlì. Nọ́ńbà tó bá ṣeé tò sí ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìlà wọn dọ́gba láìṣẹ́ku, àtòdọ́gba ni. Èyí tó bá kọ̀, tí kò gbà ju kí a tò ó ní ìlà kan gbọọrọ lọ, anìkàndúró ni. Òun ni ìwé òyìnbó ń pè ní práìmù.

"Oókan ńkọ́, mà?" ni Màrdíyyàh, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú, bi í lọ́jọ́ kan.

"Oókan ò sí nínú méjèèjì. Fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́."

Bí wọ́n bá tò ó tán, yóò fi ìka tọ ìlà wọn, yóò mọ ẹni tó gbà á àti ẹni tó kùnà. Ohun tó bá wà lójú bọ́ọ̀dù, á ní kí wọ́n kà á sókè, wọn á sì kà á bí ìjọ tó ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, wọn kò dúró kó sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ta ló ń tan ọmọdé jẹ? Wọ́n ti mọ̀, wọn kò sì sọ nílé. Olúṣínà tó jẹ́ mọ́nítọ̀ wọn ló ń gbé àga kúrò lọ́nà kó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀gbẹ́ni Mùtàlíbù, alábẹ̀wò ilé ìwé, dé láti Jobele. Ènìyàn burúkú kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó kọ 57 sójú bọ́ọ̀dù, kíláàsì sì hó yèè: "Ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta!"

"Àtòdọ́gba ni, sà," ni Rachel dáhùn. "Ẹ̀ta pín ọgọ́ta, ẹ̀ta náà la sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni."

Inú Mùtàlíbù dùn. Ó fi ìka sẹ́nu sí àwọn ọmọ. "Ẹ dákẹ́. Èyí tó kàn, tíṣà yín nìkan ni kó dáhùn."

Rachel na etí sí ṣọ́ọ̀kì. Ó gbọ́ roboto kan pẹ̀lú ìrù, ó gbọ́ ìlà kan tó wálẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó dá a lójú.

"Anìkàndúró ni, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

91 ni ọkùnrin náà kọ; 6 àti 9 jọra létí. Àná òde yìí ni Màrdíyyàh to gbogbo kóró wọn, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, sí ìlà méje, mẹ́tàlá nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo kíláàsì sì wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni yóò dìde lójú àlejò kó ní tíṣà òun ṣì í? Olúṣínà wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ni gbogbo wọn bá gbè é: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Mùtàlíbù kanra. "Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún kò ṣeé pín? Méje ńkọ́? Olódo ni gbogbo kíláàsì yìí!"

Rachel lè dákẹ́, kí wọ́n bá a wí pé kò mọ ìṣirò dáadáa, kó sì wà nínú kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ olódo náà bà sí, kò sì lè gbà á.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Àná ni wọ́n tò ó. Nítorí mi ni wọ́n ṣe purọ́. Ojú mi ti fọ́. N ò rí ohun tẹ́ ẹ kọ."

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ní kó lọ sinmi, wọ́n sì ti fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọ́pò rẹ̀. Wọ́n pè é ní ìsinmi! Ìsinmi wo ló ń mú ènìyàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, kó máa fetí sí aago ilé ìwé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màrdíyyàh gbé báàgì ọ̀rá kan wá. "Tíṣà tuntun da kóró wa nù, mà. Ó ní wọ́n ń dọ̀tí kíláàsì. Mo ṣà wọ́n lórí ààtàn, méjì ni n ò rí. Ó ku mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Anìkàndúró ni, mà."

Nígbà kan rí, Rachel ìbá ti ní, "O káre." Ṣùgbọ́n ohùn yìí wà láàárín àwọn tó sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó da kóró náà sórí ẹní, ó sì tò wọ́n ní méjì-méjì. Ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó tò wọ́n ní márùn-ún-márùn-ún, ó tò wọ́n ní méje-méje, wọ́n ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Lẹ́yìn méje, kò sídìí láti tún máa wá a mọ́: mọ́kànlá lọ́nà mọ́kànlá ti ju iye kóró náà lọ.

"Òótọ́ lo sọ," ni ó wí.

Màrdíyyàh ti ń sunkún. "Ẹ ò gbà mí gbọ́ mọ́, mà."

Rachel na ọwọ́ wá ojú ọmọ náà, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tutù. "N ò ríran, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ní láti tò ó."